Kọ̀ǹpútà Tó Wú Nílé Bàbá Adìwé

Ìyàwó Bàbá Adìwé máa ń sọ pé òun kọ́ ni ìyálé nílé òun. Ó ní lọ́jọ́ tí òun wọlé ọkọ, òun bá ẹnìkan ní kọ̀rọ̀ iyàrá iwájú, irin ni látòkè délẹ̀, kì í sọ̀rọ̀, kì í jẹun, síbẹ̀ òun ni ọkọ òun kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ pa lórí láàárọ̀ kó tó rántí ẹlòmíì.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀ Bàbá ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Irin pẹlẹbẹ méjì ni, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, pẹ̀lú ọ̀pá kan láàárín tí wọ́n ń yí bí ẹni ń yí ọwọ́ ọkọ̀. Bí Bàbá bá ti rán ìwé tán, tó fi gọ́ọ̀mù kun ẹ̀yìn rẹ̀, tó sì fi páálí bò ó, àárín irin méjèèjì ló ń kì í bọ̀ títí yóò fi gbẹ. Ìwé tí òjò pa tó wú, ìwé tí ọmọ iléèwé ká létí, bí wọ́n bá sun ọjọ́ kan lábẹ́ irin yẹn, pẹlẹbẹ ni wọ́n ń jáde. Nígbà tó yá, gbogbo ilé gbà láti máa pe ẹ̀rọ náà ní Ìyálé.

Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógójì tí Bàbá ti ń dìwé, ẹ̀kọ́ tó sì dá a lójú jù nínú iṣẹ́ náà kò ju gbólóhùn kan lọ: ohun tó bá wú, tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kọ́ yìí kò já a kulẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí à ń sọ yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá ń rán ìwé ńlá kan nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ jáde láti yàrá. Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì, ó rọra ń rìn.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o jí ire?"

"A dúpẹ́."

Bàbá gbójú sókè. Ẹni tó jí ire kì í dúpẹ́ pẹ̀lú irú ohùn yẹn.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan, Bàbá."

"Tó bá ti jẹ́ pé kò sí nǹkan, nǹkan wà nìyẹn. Gbé e wá kí n wò ó."

Ọmọbìnrin náà gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì. Bàbá fi ìka kan tẹ igun rẹ̀, igun kejì sì gbéra sókè. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti yọ ikùn. Ibi tí èèyàn ń gbé ọwọ́ lé tó bá ń tẹ̀ ẹ́ náà ti ga sókè, ìdérí rẹ̀ kò sì pàdé ara mọ́.

"Ó ti wú," ni Bàbá wí.

"Mo rí i, Bàbá."

Ẹni tó bá rí kọ̀ǹpútà náà á mọ̀ pé kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà lásán. Ó nípọn, ó wúwo, fáànù méjì ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń fi géèmù ṣeré ń lò. Ṣùgbọ́n àbíkẹ́yìn kì í kàn fi géèmù ṣeré, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Oṣù kẹjọ rèé tó ti ń ṣe ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe géèmù ń wá èèyàn méjì péré nínú ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n sì ti ní kó gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá fi han àwọn ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀túnla nìyẹn.

Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ géèmù. Ohun tó mọ̀ ni pé ọmọ yìí ti jókòó sídìí iṣẹ́ náà títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún, pé ó máa ń ya àwòrán igi kan ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá kí igi náà tó wù ú. Èyí tí Bàbá kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ó ń dùn ún díẹ̀ pé nínú ọmọ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dìwé. Iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ jìnnà sí tirẹ̀, kò sì rí ibi tó lè gbà ràn án lọ́wọ́.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" ni Bàbá bi í.

Ọmọbìnrin náà wolẹ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn, géèmù náà ti wá pọ̀ ju agbára kọ̀ǹpútà lọ, ó ń fà bí ẹni tí bàtà ń fún. Ó wá ra ráàmù tuntun, ìyẹn pátákó kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wo fídíò lórí fóònù, ó tú ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ó sì fi ráàmù náà sí i. Nǹkan yá. Géèmù ń sáré. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jó yí yàrá ká.

"Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀. Ló bá ń gbóná. Ló bá ń wú. Bàbá, ó dà bíi pé èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló rà á fún mi, mi ò tíì lè sọ fún un."

Ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe."

"Mọ́mì, tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀túnla ni mo máa fi hàn."

"Ẹni tó ń sáré ló ń gbàgbé bàtà o. Èmi ti sọ tèmi."

Ọmọ náà ní òun á tún un tú. Ṣùgbọ́n orí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀tì kéékèèké ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, irin tí òun fi ń tú nọ́ọ̀tì kò gbá a mú mọ́, àfi kí òun lọ ra òmíì. Ó ki ṣájà bọ ara kọ̀ǹpútà kí iná rẹ̀ lè kún kó tó padà dé, ó ní kí Bàbá bá òun ṣọ́ ọ, ó sì jáde.

Ó wá ku Bàbá, kọ̀ǹpútà, àti Ìyálé.

Bàbá rán abẹ́rẹ́ mẹ́ta sí i, kò lè tẹ̀síwájú. Ó dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó sì rí i pé ó ń lọ sílẹ̀, tó bá tún gbọ́wọ́ kúrò, á dìde padà. Ṣé ohun tó ń da ọmọ yìí láàmú nìyí? Ìwé tó wú jù báyìí lọ ti gba abẹ́ ọwọ́ òun kọjá. Bí ọmọ náà bá padà dé, tó bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní pẹlẹbẹ, ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti rí ojú yẹn gbẹ̀yìn.

Ẹ má bú u. Ìfẹ́ ni, kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ohun tí ọwọ́ ẹni bá mọ̀ ọ́n ṣe ni èèyàn máa ń fẹ́ fi ran ọmọ ẹni lọ́wọ́.

Ó fi aṣọ rírọ̀ wé kọ̀ǹpútà, ó fi páálí sísàlẹ̀, ó fi páálí sókè, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe fún ìwé tí awọ rẹ̀ gbówó lórí. Ó kì í bọ àárín irin, ṣájà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó yí ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan. Ó tún yí i. Nǹkan kan dún "kẹ́" nínú rẹ̀, Bàbá sì mi orí, ó rò pé ìdérí ló wọ ipò rẹ̀. Òórùn kan tó dùn díẹ̀, bíi ti ọ̀dà tí àwọn obìnrin ń fi sí èékánná, kọjá nímú rẹ̀. Inú gọ́ọ̀mù ni Bàbá ń gbé, kò ka òórùn sí. Ó padà sídìí abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òpópónà kejì ni. Dókítà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ó máa ń fi etí ti ara kọ̀ǹpútà gbọ́ fáànù kó tó fọwọ́ kàn án. Ó ti gbé ìwé àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ fún Bàbá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kó bá òun dì í, ó wá gbà á.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ṣé ìwé mi ti jinná?"

"Ó jinná, ó ti tutù, àwo la ò tíì rí bù ú sí. Jókòó, Dókítà."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ jókòó. Àfi bó ṣe rí wáyà dúdú kan tó ti ara ògiri wá, tó wọ àárín irin Ìyálé lọ.

"Bàbá, ìwé wo ló ń jẹ iná mànàmáná?"

"Kì í ṣe ìwé. Kọ̀ǹpútà ọmọ mi ni. Ó wú, mo ní kí n bá a tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀." Bàbá sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Ó na ọwọ́ sí ọ̀pá. "Ó ku ìyí kan péré kó tẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má yí i."

Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá dúró lójú òfuurufú. Dókítà ti dé ìdí ògiri, ó pa iná níbẹ̀, ó sì yọ ṣájà. Ó rọra tẹ̀ síwájú, ó fa imú. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ ọn láìfi kàn án.

"Ẹ wo inú yàrá yìí," ó ní. "Ìwé lótùn-ún, ìwé lósì, gọ́ọ̀mù, páálí. Bàbá, bátìrì ló wú nínú kọ̀ǹpútà yẹn."

"Bátìrì? Kí ló wá burú nínú bátìrì?"

"Kò jọ èyí tó wà nínú tọ́ọ̀ṣì. Ó rọ̀ bí àpò ọ̀rá. Tó bá ti bàjẹ́, gáàsì á kún inú rẹ̀, á wá wú. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló la nǹkan méjì níjà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá gún un, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tí awọ yẹn bá ya, àwọn méjèèjì á pàdé. Tí wọ́n bá pàdé, iná ni. Iná yẹn kì í sì í bẹ̀rẹ̀ ní kékeré."

Bàbá fà sẹ́yìn. Ó wo Ìyálé bí ẹni tí kò rí i rí.

Ìyàwó rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà. "Kí lẹ wí? Iná?"

"Kò tíì ràn, Mọ́mì. Èéfín kò sì jáde. Ká ní èéfín ti ń jáde ni, a ò ní dúró ṣe ohunkóhun, a máa jáde, a ó pa ilẹ̀kùn dé, a ó sì pe àwọn panápaná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde síta. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé bí ẹ bá ṣe ń lọ."

"Kí n fi ọkọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyálé mi nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

Ó jáde, ṣùgbọ́n ìdí fèrèsé ló lọ dúró sí, ó ń yọjú wò wọ́n.

Dókítà ní ohun tó kàn ni láti tú irin náà sílẹ̀, kó má máa fún bátìrì mọ́, kí àwọn sì gbé kọ̀ǹpútà jáde kúrò láàárín ìwé. Ó na ọwọ́ sí ọ̀pá Ìyálé.

"Dúró," ni Bàbá wí. "Má fọwọ́ kàn án. Ó máa ń já."

"Kí ló ń já?"

"Irin òkè. Eyín inú ọ̀pá rẹ̀ ti jẹ. Tí o bá tú u díẹ̀ báyìí, irin òkè á kọ́kọ́ dúró bí ẹni pé kò mọ nǹkan kan, á wá já wálẹ̀ gbì lórí ohun tó wà nísàlẹ̀. Ìwé kì í bínú, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tún un ṣe."

Dókítà gbé ọwọ́ kúrò. Tí irin wúwo bẹ́ẹ̀ bá já lu bátìrì tó ti wú, ọ̀rọ̀ ti parí.

"Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?"

"Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n."

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tó mọ bátìrì kò mọ Ìyálé, ẹni tó mọ Ìyálé kò mọ bátìrì. Dókítà ronú díẹ̀. Ó kọ́kọ́ kó gọ́ọ̀mù àti àwọn ìwé tó súnmọ́ ibẹ̀ gba ojú fèrèsé fún ìyàwó Bàbá. Ó wá ní, "Ó dáa, Bàbá. Tí ẹ bá gbọ́ tó ń kùn, tàbí tí ẹ rí èéfín bó ti wù kó kéré mọ, ẹ fi sílẹ̀ kí ẹ sá. Ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì."

Bàbá gbé èjìká òsì sábẹ́ irin òkè, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá mú. Ó ti ṣe é láìmọye ìgbà. Ó yí i díẹ̀. Irin dúró. Ó tún yí i díẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Lójijì ni ìwúwo irin náà bọ́ sí i léjìká, ó sì gbà á, ó mí kanlẹ̀, ó gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí àlàfo fi yọ.

"Mo ti gbé e," ó ní. "Yọ ọ́."

Dókítà fi páànù pẹlẹbẹ tí Bàbá máa ń fi sáàárín ìwé gba abẹ́ kọ̀ǹpútà, ó gbé e jáde láìtẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, sórí sìmẹ́ńtì gbalasa, níbi tó jìnnà sí ògiri, sí igi àti sí aṣọ tí wọ́n sá. Gbogbo wọn dúró lókèèrè, wọ́n ń wò ó.

Ibẹ̀ ni àbíkẹ́yìn bá wọn. Ó di irin tuntun tó rà mọ́wọ́. Nígbà tí Bàbá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kò pariwo, ó kàn jókòó sórí àkàsọ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Èmi ni mo ṣe é," ni Bàbá wí. "Mo fẹ́ bá ọ tún un ṣe ni. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè."

"Bàbá, èmi náà ò bi ẹnikẹ́ni." Ó nu ojú. Ó wo Dókítà. "Ẹ̀yin ma, mo rí i. Lọ́jọ́ tí mo fi ráàmù sí i, mo rí nǹkan dúdú gbọọrọ kan tó wú bí ìrọ̀rí níwájú. Mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Nígbà tí mo fẹ́ dé e, ìdérí ò fẹ́ wọlé. Mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, mo wá de nọ́ọ̀tì rẹ̀."

Ìyá rẹ̀ bojú wo Bàbá, ó bojú wo ọmọ. "Ẹ ò rí i pé ẹ jọra yín."

Dókítà jókòó ti ọmọ náà. "Gbọ́ mi. Ráàmù tí o fi sí i kọ́ ló bà á jẹ́. Bátìrì yẹn ti ń wú kí o tó tú u. Ibo lo máa ń gbé e lé?"

"Orí bẹ́ẹ̀dì."

"Ṣájà ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ ló máa ń wà."

"Bẹ́ẹ̀dì ń dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà, eruku ń dí fáànù, ṣájà kì í kúrò lára rẹ̀, ooru ò rọ́nà jáde. Bó ṣe ń rẹ bátìrì nìyẹn. Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo tiẹ̀ yìn ọ́. Ṣùgbọ́n tí o bá ti ṣí i, bátìrì ni kí o kọ́kọ́ wò. Tó bá wú, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí nìyẹn. Tí ìdérí bá kọ̀, ó ń bá ọ sọ̀rọ̀ ni, má fi orúnkún dá a lóhùn."

"Ṣé mo yọ okùn bátìrì kí n tó fi ráàmù sí i?" Ọmọ náà bi ara rẹ̀ léèrè sókè, ó sì mi orí. "Mi ò yọ ọ́. Ẹni inú fídíò yẹn sọ ọ́, mo fò ó."

"Ìyẹn tún ni. Orí ló kó ọ yọ."

Wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí ó fi tutù pátápátá. Dókítà lọ kó irinṣẹ́ rẹ̀ wá, ó wọ awò tó bo ojú, ó gbé garawa onírin kan dání tí yanrìn gbígbẹ kún inú rẹ̀. Níbẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ló ti tú ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà. Ó yọ okùn bátìrì. Kò fi irin wa bátìrì náà sókè, ike pẹlẹbẹ kan ló fi rọra yọ ọ́ kúrò lójú ibi tó lẹ̀ mọ́, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ.

Kó tó gbé e sínú yanrìn, ó fi han Bàbá. Ojú ìlà kan wà lórí ìrọ̀rí dúdú náà, ó tín-ín-rín, ó tọ́ gbọọrọ, níbi tí etí ìdérí ti ń wọ̀ ọ́ lára nígbà tí Bàbá ń tẹ̀ ẹ́.

"Ìyí kan tó kù yẹn ni ì bá fà á ya," ni Dókítà wí jẹ́jẹ́.

Bàbá gbójú sókè. Ó wo fèrèsé iyàrá iwájú, níbi tí ìwé ọdún mọ́kàndínlógójì wà, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ṣì di páálí gọ́ọ̀mù mọ́ àyà. Ìyàwó rẹ̀ ló wá dì í lọ́wọ́ mú, kò sì fi Ìyálé ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

"Iṣẹ́ mi ńkọ́, ẹ̀yin ma?" ni ọmọ náà béèrè. Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde.

Dókítà tọ́ka sí pátákó kékeré kan tí kò gùn ju ìka lọ. "Díìsìkì nìyí. Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ wà, kò sí nínú bátìrì." Ó yọ ọ́, ó fi sínú àpótí kékeré kan tó ní okùn, irú èyí tí wọ́n fi ń wo inú díìsìkì, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tó gbé wá. Wọ́n dúró. Ọmọ náà di ìka mọ́ra. Nígbà tí orúkọ géèmù rẹ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ní, "Ẹ ṣé, ma. Ẹ ṣé."

Wọ́n ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ náà síbòmíì kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn èyí ni Dókítà fẹ́ eruku kúrò nínú fáànù, ó sì yẹ inú kọ̀ǹpútà wò dáadáa, ó ní bátìrì nìkan ni ìjàǹbá rẹ̀ mọ. Ó dá díìsìkì padà, ó dé e, ó fi ṣájà nìkan tàn án. Ó jí. Ó ní ó lè máa lò ó báyìí títí bátìrì tuntun á fi dé, kò kàn ní lè yọ ṣájà ni. "Nọ́ńbà ara bátìrì àtijọ́ la máa fi ra tuntun. Èyí tó kàn jọ ọ́ kò tó." Bátìrì tó wú, ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba irú wọn. Ó ní kò gbọdọ̀ dé orí ààtàn, torí àwọn tó ń kó ilẹ̀ náà lọ́mọ nílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọmọ náà pe Bàbá pé kó wá wo géèmù. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀. Ó rí ìlú kan tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ ojú ewé inú ìwé gbogbo ká, tí ọmọbìnrin kan ń ṣà wọ́n lábẹ́ igi tí ó mọ̀ pé wọ́n yà ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Nígbà tí ọmọbìnrin náà ṣà wọ́n tán, ó gbé wọn lọ fún bàbá arúgbó kan nínú iyàrá kékeré. Arúgbó náà tẹ̀ díẹ̀ léjìká òsì. Ẹ̀rọ onírin kan dúró ní kọ̀rọ̀.

"Ta nìyẹn?" ni Bàbá béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

"Òun ló ń dì wọ́n padà di ìwé, Bàbá. Láìsí òun, géèmù ò lè parí."

Bàbá yọ awò rẹ̀, ó nù ún, ó sì pẹ́ kó tó wọ̀ ọ́ padà. Oṣù mẹ́jọ ni òun ti ń rò pé iṣẹ́ òun kò já mọ́ nǹkan kan lójú ọmọ yìí, òun kò sì béèrè.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gé awọ pupa kan, ó kó àwọn lẹ́tà tó máa ń fi góòlù tẹ̀ sára ẹ̀yìn ìwé jáde, ó tẹ ọ̀rọ̀ méjì sára rẹ̀, ó sì so ó mọ́ Ìyálé lọ́rùn: ÌWÉ NÌKAN. Ọmọ rẹ̀ rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ ya irú rẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ inú géèmù. Ní Ọjọ́bọ̀, ìyẹn gan-an ni àwọn ará ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ bi í léèrè. Ó sọ ìtàn náà fún wọn látòkè délẹ̀. Wọ́n ti ní kó padà wá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ, ìdí tí a fi sọ ìtàn yìí rèé. Kọ̀ǹpútà wà nílé ọ̀pọ̀ wa báyìí, fóònù sì wà lápò gbogbo wa, irú bátìrì kan náà ló wà nínú wọn. Tí ẹ bá rí i pé ó ń wú, pé ìdérí rẹ̀ gbéra, pé kò jókòó dáadáa lórí tábìlì, tàbí pé òórùn àjèjì ń jáde lára rẹ̀, ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má sì fi iná sí i mọ́. Ẹ rọra gbé e jáde kúrò nítòsí ohun tó lè jó, kí ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Tí èéfín bá ti yọ, ẹ má gbé nǹkan kan, ẹ̀mí yín ni kí ẹ gbé: ẹ jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ pe panápaná.

Ẹni tó bá sì fẹ́ tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ nílé láti fi nǹkan kún un, kò sẹ́ni tó ní kó má ṣe é. Kó ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ ná. Kó pa kọ̀ǹpútà pátápátá, kó yọ ṣájà, kó wo bátìrì, kó sì yọ okùn rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ohun mìíràn. Ibi tó bá ti kọ̀ láti wọlé, kó má fipá mú un. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Àwọn oníbàárà ṣì máa ń bi Bàbá Adìwé ohun tí awọ pupa yẹn ń ṣe lọ́rùn ẹ̀rọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á yára dáhùn pé ọkọ òun ló ra ẹ̀gbà ọrùn fún ìyálé òun. Bàbá á jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Á wá sọ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún wọn, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe wà báyìí. Tẹ́lẹ̀, ohun tó bá wú, tẹ̀ ẹ́. Ní báyìí, ohun tó bá wú, kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.